Bí A Ṣe Lọ Tọrọ Olandina ní Hatubuilico

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ìyá ọkọ mi ló dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀. Èmi Frásia wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì mọ ẹni tó yẹ ká dá lẹ́bi. Àbúrò ọkọ mi ni, Abílio, ọkùnrin tó gbé ìgboro Dili títí tó fi gbàgbé pé orí òkè ni wọ́n ti bí òun.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Abílio bí, Zeferino, tí gbogbo wa ń pè ní Zefe. Ọmọ dáadáa ni, alùpùpù ló ń tún ṣe, kì í sì í mu ọtí kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ bá a sọ Tétùm, èdè ìgboro, á dá yín lóhùn. Ẹ bá a sọ èdè àwọn ará Indonéṣíà, á dá yín lóhùn. Kódà ó ń sọ Potogí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí eyín ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ Mambai, èdè bàbá rẹ̀ àti ti ìyá bàbá rẹ̀, ẹnu ló máa là sílẹ̀ tí á máa wò yín. Ẹ̀bi ta ni? Nígbà tí Abílio kọ́kọ́ dé ìgboro ní kékeré, àwọn ọmọ ọjà fi ohùn òkè tó wà lẹ́nu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè é ní Kaladi, orúkọ èébú fún àwọn ará òkè, wọ́n ní kó padà lọ wa kókò. Ló bá pa ẹnu dé. Ó búra pé ọmọ tóun bá bí kò ní sọ ọ́ láé. Ìyá rẹ̀ á bá a sọ Mambai nínú ilé, òun á fi Tétùm fèsì, Zefe á sì wà láàárín àwọn méjèèjì, tó ń rò pé ikọ́ ló ń ṣe ìyá àgbà.

Kádàrá wá mú wọn. Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní Dili, Olandina ni Zefe rí, ọmọ Hatubuilico, lábẹ́ òkè Ramelau lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti ń gé etí ènìyàn. Olandina wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìgboro ni. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé àwa tó ń wò wọ́n ni ojú ń tì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà lóun kò ní sá tẹ̀ lé ọkùnrin. Bàbá àgbà òun, Bere-Kali, ló tọ́ òun dàgbà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Bó bá ní rárá, òun á sunkún tẹ́rùn, òun á sì fẹ́ ẹni tí wọ́n bá fún òun. Ẹni náà sì wà nílẹ̀ tó ń dúró, ọkùnrin kan ní Maubisse tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ní oko kọfí àti ẹfọ̀n, tí kò sì ní irun lórí.

Bere-Kali ránṣẹ́ sí wa. Ó ní, "Kí wọ́n wá lẹ́yìn ìkórè kọfí. Ẹnu ọ̀nà mi ni mo ti máa gbọ́ wọn, Mambai ni kí wọ́n sì fi kan ilẹ̀kùn mi. Ẹni tó bá fi Tétùm kàn án, kó lọ fẹ́ Tétùm. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa gbọ́ wọn, torí eékún ń dùn mí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Gbogbo ilé lọ́dọ̀ wa ló ní ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹnu rẹ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà látorí dé ìdí. Ẹnu tiwa ti kú nígbà òjò. Ẹni tó kàn ṣì wà nínú aṣọ dúdú ọ̀fọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi tú dúdú náà kúrò lára rẹ̀. Èèyàn lè yá ẹfọ̀n, ó lè yá aṣọ tàìsì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ilé tó ń yá ilé kejì ní ẹnu. Ó wá ku Abílio, nítorí òun ni bàbá ọkọ.

Ó di orí mú. "Màná Frásia, ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa kọ́ mi? Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi ọmọ Remexio? Mambai tèmi àti tiyín kì í ṣe ìkan náà. Tí mo bá kọ́ ẹ ní tèmi, tí Bere-Kali gbọ́ ọ, á ní ta lẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Òótọ́ ni mo sọ. Àwọn ará Ainaro, níbi tí ìdílé ọkọ mi ti wá, máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa ẹfọ̀n jáde nínú ẹrẹ̀. Àwa ará Remexio máa ń gé e síbi tó bá ti yé ènìyàn, ká lè rí àyè ṣe nǹkan míì. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ni wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi, Bui-Mali, jókòó nídìí iná, ó ń jẹ búà rẹ̀, èso tí àwọn àgbà ń jẹ lẹ́nu bí obì, ẹnu rẹ̀ pọ́n roro. Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Èmi ni mo máa kọ́ ọ."

Abílio ní, "Ìyá, obìnrin kì í ṣe ẹnu ilé o."

"Ta ló ní mo fẹ́ ṣe ẹnu? Etí ni mo ní. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bàbá ẹ wá tọrọ mi, ẹ̀yìn àká àgbàdo nínú ilé bàbá mi ni mo fara pa mọ́ sí. Mo ń sunkún, mo sì ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀ di òní. Jókòó síbẹ̀."

Abílio jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kì í dá rìn, méjì méjì ló ń rìn. Tí ẹ bá dárúkọ igi, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ òkúta. Tí ẹ bá pe omi, ẹ pe iná. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó fi ìkejì sílẹ̀ ti já okùn nìyẹn, àwọn tó wà nínú ilé á sì máa hó lé e lórí. Ìyá á sọ ọ́, Abílio á tún un sọ, ìyá á fi igi kan án lórúnkún. "Fà á. Fà á gùn. Kí ló ń lé ẹ?"

Nígbà tí mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó ṣe mí bákan. Ohun tí ìyá ń kọ́ ọ ni pé, "Ta ló ń kan ilẹ̀kùn wa? Ta ló ń mi àkàsọ̀ wa?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí àwa gan-an la máa kan ilẹ̀kùn? Kí ló dé tí àwa náà tún ń béèrè ẹni tó ń kàn án?"

Ìyá wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ọmọ Remexio. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ìdí ọ̀rọ̀ bí eku ṣe ń jẹ àgbàdo, ìgbà wo lẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà? Kì í lọ tààrà. Èyí tó bá ń lọ tààrà, ọ̀rọ̀ ọjà ni."

Inú bí mi gan-an. Mo ní ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Mo ká ẹnu mi bí ẹní, mo kó ẹ̀wà mi, mo lọ ń ṣà á níta. Tí wọ́n bá ti bú èmi náà tán nípa ẹnu mi, n kì í tún là á mọ́.

Bí Abílio ṣe di aláriwo nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ nílé ìwẹ̀, ó ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta epo, àwọn aládùúgbò sì ń bi mí bóyá ara rẹ̀ yá. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ohùn rẹ̀ ń dára sí i lójoojúmọ́. Nǹkan tó ti tì mọ́ inú láti kékeré ń jáde wá, ó sì gùn, ó sì tutù, bíi ti bàbá tó bí i lọ́mọ. Zefe á dá iṣẹ́ dúró, á máa wò ó.

"Bàbá, kí lẹ ń wí gan-an?"

"Ohun tó máa fẹ́ ìyàwó fún ẹ ni."

"Ẹ kọ́ èmi náà."

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Máa tún alùpùpù ẹ ṣe."

Nígbà tí kọfí tán lóko, a gba ọkọ̀ akẹ́rù kan. A kó ẹfọ̀n kan àti àwọn ewúrẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó ń tọrọ ìyàwó ló ń mú oníwo wá. Ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ ní tirẹ̀ ló ń fi ẹlẹ́dẹ̀ àti aṣọ ṣe àlejò. Ìyá kò lè gun òkè mọ́, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń kí ẹnu Abílio pé ó kú iṣẹ́. Ọ̀nà òkè yẹn ò ṣe é fẹnu sọ. Mo bì ká tó dé Maubisse, mo bì lẹ́yìn Maubisse, ewúrẹ́ kan sì jẹ ìbòrí mi.

Ìkùukùu ti bo gbogbo àgbàlá Bere-Kali nígbà tí a dé. Ilé náà ga, koríko tí wọ́n fi bò ó nípọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa gbọingbọin bó ṣe yẹ kí wọ́n tì í. A dúró sísàlẹ̀ àkàsọ̀, àwọn ọkùnrin wa ṣí fìlà. A ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọbìnrin nínú ilé. Olandina yọjú díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, Zefe rí i, ó sì juwọ́ sí i.

Abílio gòkè, ó kan ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ padà. Ó wú ikọ́. Ó sì la ẹnu.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn wa? Ta ló ń mi àkàsọ̀ wa?"

Inú ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Abílio rò pé ẹwà ọ̀rọ̀ náà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ló bá tún fa ohùn sí i.

"Òdòdó wa ti tanná, ẹyẹ wa ti hu ìyẹ́. A fi omi tọ́ ọ, a fi iná yá a. Ẹ̀yin tí ẹ rí èéfín wa, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àkùkọ wa, ẹ fa oníwo wá, ẹ fa onípátákò wá. Ẹ wọlé jẹ́jẹ́, ẹ jókòó jẹ́jẹ́."

Ó dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Inú ilé ni ìyá ọkọ mi wà lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Ohùn ẹnu ilé bàbá rẹ̀, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, ló gbọ́. Àwọn tó wà níta ń sọ tiwọn lẹ́yìn koríko tó nípọn báyìí, òun sì wà lẹ́yìn àká tó ń sunkún, ohùn wọn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fọmọ fọ́kọ ló kọ́ Abílio, odindi, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Abílio yíjú sí mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó rọra ní, "Màná, ó lọ dáadáa, àbí?"

Mo ní, "Ó lọ dáadáa. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Zefe fọ́kọ ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti mọ Mambai tẹ́lẹ̀ kó tó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó ti ń há sórí láti ìgbà yìí wá, ìgbà yẹn ló tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ariwo ti sọ nínú ilé. Marsal, àkọ́bí Bere-Kali, ti orí jáde lójú fèrèsé, ó ń fi Tétùm bú wa. "Ẹ̀yin ará Dili, ṣé orí yín pé? Ta ló ń tọrọ ta? Ṣé àwa la wá bá yín nílé ni?"

Ẹyin lohùn. Níwájú ilé mímọ́ bíi ti Bere-Kali, kò sí ẹni tó ń ṣà á padà. Ẹni tó bá ní òun ṣàṣìsọ, ilẹ̀kùn á kàn wà bó ṣe wà, á kó ẹran rẹ̀, á sì máa lọ sílé. Abílio fẹ́ la ẹnu bẹ̀bẹ̀ ní Tétùm, mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo ní tó bá sọ Tétùm kan ṣoṣo, ti Olandina ti tán nìyẹn, kó ronú kan ọkùnrin apárí Maubisse. Zefe ń bi gbogbo wa pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Tíà Frásia, kí ni bàbá mi sọ?" Mo ní kó dúró ná. Olandina ti fi ọwọ́ bo ojú.

Ọ̀pá kan lu pákó nínú ilé, gbogbo ariwo sì rọlẹ̀. Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn Bere-Kali, ó lọ́ra, ó gbó, ó sì dùn.

"Àwa ni. Àwa tí òùngbẹ ń gbẹ, àwa tí òtútù ń mú. A rí èéfín yín lókè, a gbọ́ àkùkọ yín lódìkejì odò. Òdòdó kan wà lágbàlá yín, ẹyẹ kan wà lórí òrùlé yín. Omi la wá bẹ̀, iná la wá bẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dúró síta ni. Bàbá arúgbó jókòó nídìí iná ara rẹ̀, ó fi tàìsì bora, ó ní òtútù ń mú òun. Àwa tí ìrì ti rẹ dé egungun sì ni onílé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín nínú ilé débi pé àkàsọ̀ ń mì. Bere-Kali wí fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí òun ti di ẹnu ilé òun, inú lòun máa ń wà, òun ni wọ́n máa ń bẹ̀. Àwọn tó ń wá lóde òní, ìdajì Mambai, ìdajì Tétùm, wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbóná lẹ́nu èèyàn. Ó ní kóun tó kú, òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí láti dúró síta kéèyàn máa bẹ̀bẹ̀.

Abílio wò mí. Mo ní, "Dá a lóhùn. Ṣebí ìyá ẹ kọ́ ẹ títí dé òpin?"

Ló bá dá a lóhùn. Ó bi bàbá pé ẹsẹ̀ ta ló gbé wọn wá, ẹṣin ta ló rù wọ́n wá. Bàbá ka àwọn òkè tí wọ́n gùn, ó ka àwọn odò tí wọ́n là kọjá, òun tí kò kúrò nídìí iná látàárọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń sọ ọ́ bọ̀. Àwọn ará abúlé ti jáde wá jókòó sórí ògiri òkúta, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń bi ara wọn pé ibo ni wọ́n ti rí irú ẹnu yìí ní Dili. Èmi pàápàá gbàgbé òtútù. Inú mi dùn sí ọkùnrin tí mo ti ń bú láti àárọ̀.

Wọ́n wá dé ibi tó kẹ́yìn, níbi tí ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ ti ń jọ̀wọ́ ọmọ. Abílio bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ẹ mú un. Ilé yín ni ilé rẹ̀, iná yín ni iná rẹ̀..." Ó dúró.

Gbogbo wa mọ ohun tó kù. "Ohun tó bá gbìn, tiyín. Ẹni tó bá bí, tiyín." Bere-Kali kì í fi ẹnu ọ̀nà ṣeré, ohun tó bá bẹ̀, ó ń gbà á ni. Ọkùnrin tó ń wọ ilé ìyàwó wà lọ́dọ̀ wa, kì í kàn ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́. Tí Abílio bá parí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí á di ọmọ ilé onílé. Tí kò bá parí rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní ṣí.

Ó wo Zefe. Zefe rẹ́rìn-ín sí i, ó gbé àtàǹpàkò sókè fún un. Kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí à ń sọ.

Abílio parí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já ní ìlàjì, ó tún un mú, ó sì fà á gùn bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

Wàhálà ẹran ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó fọmọ fọ́kọ kò gbọdọ̀ mú oníwo wá, a sì ti mú un wá. Ẹni tó ń tọrọ kò gbọdọ̀ mú ẹlẹ́dẹ̀ wá, ẹlẹ́dẹ̀ ló sì kún ọgbà wọn. Marsal ló rí ọ̀nà rẹ̀. A fa ẹfọ̀n wa gba ẹ̀yìn ilé wọn, wọ́n wá fà á gba iwájú jáde, wọ́n fi ta wá lọ́rẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ wọn náà jáde sójú títì kó tó padà wọlé wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tiwa. Ẹfọ̀n náà kọ̀ láti yípo, ó lọ dúró sáàárín ọgbà kókò, ó sì gba gbogbo ọkùnrin ìdílé méjèèjì kó tó gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé fún Zefe pé òun ni ìyàwó, ó ronú díẹ̀, ó wo ọ̀nà òkúta tí a gbà wá. Ó bi Marsal bóyá wọ́n lè fún òun ní igun kan tí òun á ti máa tún alùpùpù ṣe. Marsal ní gbogbo alùpùpù tó wà ní Hatubuilico ló bàjẹ́. Olandina ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó bu àgbàdo àti ẹ̀wà fún mi lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n fi tàìsì kọ́ Zefe lọ́rùn, ó dúró sórí àkàsọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi fọ́kọ kì í sin àwọn èèyàn rẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Abílio ti bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ló bá tún sọ̀kalẹ̀, ó padà lọ dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀. Ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kankan fún ibẹ̀. Ó la ẹnu, Mambai ló tún jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà mọ́. Ti ìdáná ni, èyí tí wọ́n fi ń rọ ọmọdé jẹun, tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Ó ní kó máa jẹun yó. Ó ní kó máa bo àyà rẹ̀ láàárọ̀, òtútù òkè ò mọ àlejò. Ó ní kó dárí ji òun, pé òun rán an wá sáàárín àwọn èèyàn òun láìfún un ní ohun tó máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó wọ ọkọ̀, ó kọjú síwájú.

Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Zefe tó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Kí ni bàbá mi sọ?"

Olandina fi ẹnu sí i létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Tétùm, a sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ.